Ẹ̀sùn lórí RAM tó bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tí mo rà lọ́wọ́ yín

Ìgbógbó, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹfà.

Sí Ọ̀gá Àgbà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún yìí ni mo ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ní ṣọ́ọ̀bù yín tó wà ní Sábó, níbí ní Ìkòròdú. ₦285,000 ni mo san, mo sì fi ẹ̀dà rìsíìtì rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Ẹ ó rí i lára rẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ yín fi ọwọ́ ara wọn kọ gàráńtì oṣù mẹ́fà síbẹ̀. RAM méjì, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló wà nínú rẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní DDR4, 8GB ni ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wá bá yín lórí kọ̀ǹpútà yìí, kò sì sí ẹni tó gbà fún mi títí di òní.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó dé ilé mi tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdédé di búlúù. Á kọ MEMORY_MANAGEMENT, ìyẹn pé ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì ni, á kú, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Mo gbé e wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá ní kàǹtà kò tilẹ̀ tú u wò. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé kí n san ₦7,000 kí wọ́n fi Windows tuntun sí i. Mo san án. Ní ọjọ́ kẹrin ó tún kú. Mo padà wá, wọ́n ní iná àdúgbò wa tó ń lọ sókè sódò ló fà á, wọ́n tún gba ₦7,000, wọ́n tún fi Windows míì sí i. Íńvátà ni mo fi ń lo kọ̀ǹpútà yẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé. Mo sọ fún wọn, wọn kò fetí sí i. Ewé ni wọ́n ń já, wọn kò wo gbòǹgbò.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo wá, ẹnjiníà yín fi irinṣẹ́ àyẹ̀wò mẹ́mọ́rì tó máa ń bá Windows wá yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú mi. Ó ní kò sí ìṣòro kankan, kí n máa gbé e lọ. Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ìgbàgbọ́ yẹn ni mo fi gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ lé kọ̀ǹpútà náà lórí.

Fọ́tò ni iṣẹ́ mi. Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún, mo lọ ya ayẹyẹ àádọ́rin ọdún màmá kan ní Ìta Olúwo. Nígbà tí mo délé, mo da fọ́tò 640 láti inú kádì sínú kọ̀ǹpútà. Mo rí i pé gbogbo wọn ti wọlé, mo wá pa ti inú kádì rẹ́, nítorí pé mo ní òde míì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbà tí mo jókòó láti tún wọn ṣe ni mo rí i pé 19 nínú wọn ti bàjẹ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí màmá gbé ọwọ́ lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí tó ń súre fún un. Ojú màmá dá ṣáká, gèlè rẹ̀ wà bó ṣe wé e. Àmọ́ láti èjìká wá sísàlẹ̀, gbogbo àwòrán náà yẹ̀ sápá kan, àdìrẹ aláró tó wọ̀ di àwọ̀ ewé, ọwọ́ tó wà lórí ọmọ kò sì bá apá tó gbé e wá mọ́. N kò lè yà á mọ́. Ìdílé náà kò bínú sí mi, wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, ṣùgbọ́n n kò gba owó ìkẹyìn lọ́wọ́ wọn; ojú ń tì mí.

Ẹ̀yin tó ń ta kọ̀ǹpútà ló yẹ kó ṣàlàyé èyí fún mi, kì í ṣe èmi fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ohunkóhun tó bá ń kúrò nínú kádì lọ sí díìsìkì, inú RAM ló ń gbà kọjá. Ení àti òdo ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ gbogbo nǹkan. Bí ojú kan nínú RAM bá ti kú, ení tó bá dé ibẹ̀ lè di òdo, òdo lè di ení. Àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá iléeṣẹ́ ní irú RAM kan tí wọ́n ń pè ní ECC, èyí tó máa ń rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ tó sì ń tún un ṣe. Ti kọ̀ǹpútà ilé kì í sábà ní i. Kò ní pariwo, kò ní kìlọ̀, á kàn kọ èyí tó ti bàjẹ́ pamọ́. Fọ́tò JPEG, irú fáìlì tí kámẹ́rà sábà máa ń fi fọ́tò pamọ́ sí, sì rèé, ìpín kan ń tẹ̀lé òmíràn ni. Bí ibì kan bá ti yí, gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè dàrú.

Àbúrò mi ló mú MemTest86+ wá, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ RAM wò. Ọ̀fẹ́ ni, orí fláàṣì la gbé e sí, òun la sì fi tan kọ̀ǹpútà, Windows kò tilẹ̀ wọlé. Á kọ nǹkan sí ojú kọ̀ọ̀kan nínú RAM, á padà lọ kà á. Bí ohun tó kà kò bá bá ohun tó kọ mu, á fi ìlà pupa hàn án. A kò tíì jókòó fún ogún ìṣẹ́jú tí pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò sísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí èkejì. Nígbà tí ìyípo àkọ́kọ́ àyẹ̀wò náà fi máa parí, àṣìṣe ti di 37. RAM tó dára kò gbọ́dọ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo.

A kò dúró síbẹ̀. A pa iná, a yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, a fi írésà nu eyín àwọn RAM náà tó ní àwọ̀ wúrà, a wá ń fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò yí ìyára wọn padà, bí ẹ ṣe tà á ló wà. Èyí àkọ́kọ́ ṣe ìyípo mẹ́rin láti alẹ́ mọ́jú, òdo ni àṣìṣe rẹ̀. Èyí kejì pupa. A gbé e lọ sí ihò kejì, ihò tí èyí tó dára ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ó tún pupa, àdírẹ́ẹ̀sì kan náà, ìyẹn ojú kan náà nínú RAM, ló sì ń hàn léraléra. Kì í ṣe bọ́ọ̀dù, kì í ṣe iná, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. RAM yẹn ni. Láti ọjọ́ tí mo ti yọ ọ́ kúrò, ojú búlúù kò wá mọ́, ṣùgbọ́n 8GB ni mo ń lò báyìí, 16GB ni mo sanwó rẹ̀.

Ní ti àyẹ̀wò ẹnjiníà yín, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é. Ṣùgbọ́n Standard, àyẹ̀wò ìwọ̀nba, ló fi sí. Bí èèyàn bá tẹ F1 nígbà tí irinṣẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́, á rí Extended, èyí tó máa ń pẹ́ gan-an tó sì ń wá inú kókó. Ṣé a lè fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú sọ pé RAM 16GB kò ní àrùn, nígbà tí oníbàárà ti wá lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀sùn kan náà?

Ní ọjọ́ 6 oṣù yìí, mo kó RAM náà àti fọ́tò tí mo yà lójú àyẹ̀wò wá sí Sábó. Máníjà yín kò wò ó. Ó ní gàráńtì kò kan RAM. Ẹ wo rìsíìtì náà, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni RAM 8GB míì tó bá èyí tó kù mu, tí ẹ ó fi MemTest86+ yẹ̀ wò fún ìyípo mẹ́rin kó tó dé ọwọ́ mi, àti ₦14,000 tí ẹ gbà fún Windows tí kò ṣe mí láǹfààní kankan. Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ máa yẹ RAM wò kí ẹ tó ta ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé àṣekágbá lè ra èyí tó tẹ̀ lé tèmi.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún mi ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tó sì ń ṣiṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ rà á. Tí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín títí di ọjọ́ 23 oṣù yìí, n ó gbé gbogbo ìwé mi lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn LASCOPA. RAM tó bàjẹ́ náà wà nílé mi, mo fi bébà wé e, mo kọ nǹkan sí i lára kó má baà sọnù. Ẹ lè rán ẹnjiníà yín wá kó tún un yẹ̀ wò níṣojú mi. Mo wà nílé láti ọjọ́ Mọ́ńdè sí Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín, onífọ́tò ní Ìgbógbó.