Ẹ Fi Orúkọ Wọn Sínú Ìtàn Ìjọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí jẹ́ akọ̀wé ìjọ Áńgílíkà ní ìlú kékeré kan l'Ékìtì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń ká mi lára ni ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ìjọ ń tẹ̀ nígbà àjọ̀dún. Gbogbo wọn ló jọra. Ojú ewé kìíní, òyìnbó dé. Ìkejì, bíṣọ́ọ̀bù ya ilé ìjọsìn sí mímọ́. Ìyókù, fọ́tò àwọn tó dáwó páànù.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ilẹ̀ wa níbí, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ mú ìgbàgbọ́ wọ̀lú. Àwọn ọmọ wa tí ogun kó lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn àti ibòmíràn ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìwàásù, tí àwọn mìíràn sì ti kọ́ ABD. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893, wọ́n ń padà wálé. Kí àlùfáà tó dé, wọ́n ti ń péjọ. Ní Ìbàdàn pàápàá, nígbà tí Hinderer, míṣọ́nnárì òyìnbó, àti ìyàwó rẹ̀ lọ ní 1869, Daniel Olúbí, ọmọ Yorùbá, ló gba àkóso ìjọ, ìjọ ò sì tú.

Ẹ wo rẹ́jísítà ìrìbọmi wa. Àyè wà fún orúkọ àbísọ, orúkọ ìrìbọmi, iṣẹ́ òbí, àti ẹni tó dúró fún ọmọ. Àìná di Dọ́káàsì, Òjó di Jóṣúà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló máa ń dúró fún àwọn ọmọ tí bàbá wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Jésù sétí. Kò mọ̀wé, àmì àgbélébùú ló fi tẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀kọ ló ń tà, àti pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà kí wọ́n tó mọ ilé ìjọsìn. Ẹ wá a nínú ìwé àjọ̀dún wa, ẹ ò ní rí i. Orúkọ ẹni tó ra áńpílífáyà wà níbẹ̀ gàdàgbà!

Ìjọ kan nítòsí wa wó ilé àtijọ́ láti kọ́ ńlá. Wọ́n kó àpótí ìwé síta, òjò pa á. Èyí tí òjò ò bá, ikán jẹ ẹ́.

Bí Àjàyí Crowther ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ìyá òun, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta ní 1846, ta ni ì bá mọ orúkọ ìyá náà lónìí?

Ẹ̀yin ìjọ, kí kátápílà tó kan ògiri, ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù ya gbogbo ojú ewé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà. Orúkọ alága làwọn bàbá máa ń kà fúnni. Àwọn ìyá ló mọ ẹni tó ń pọnmi amọ̀, àti ẹni tí ẹbí lé jáde nítorí ìrìbọmi.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà, iṣẹ́ ìyìn rere ló bí yín: Townsend míṣọ́nnárì ló dá Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní 1859. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda igun kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ti ìyá ẹlẹ́kọ wa ni n ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ìjọ tó ti fẹ̀yìn tì,
Èkìtì.