Ẹ jẹ́ ká mọ bí àpá ọkàn ṣe tóbi tó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín lórí fífi MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, wo ọkàn. Mo gbà pé ó dára, ṣùgbọ́n kò tó kí èsì kàn sọ pé àpá wà lára ọkàn. Ó yẹ kí wọ́n kọ bí àpá náà ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú lè dá àpá sára ẹran ọkàn kí olúwarẹ̀ má mọ̀. Láti rí àpá yìí, wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ gadolinium, oògùn tó ń mú kí àwòrán MRI hàn kedere, sí iṣan ẹ̀jẹ̀ apá. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú 10 sí 20, oògùn náà á ti ń ṣàn kúrò lára ẹran ọkàn tó dá ṣáká, á sì há sínú àpá. Nínú àwòrán, ibi tó dá ṣáká á dúdú, àpá á funfun báláú. Funfun yẹn ni wọ́n ń fa ìlà yí ká lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á fi ṣírò ìdá tó jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún ẹran ọkàn. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni ewu pé kí ọkàn máa lù ségesège ṣe ń pọ̀ sí i.

Owó àyẹ̀wò yìí kì í ṣe kékeré. Èsì tí ẹnìkan gbé wá hàn mí kò ju gbólóhùn kan lọ! Àwa ọmọ òṣómàáló kì í sanwó ká má ka ọjà.

Ìròyìn yín kò mẹ́nu ba kíndìnrín rárá. Ẹni tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gún un ní gadolinium.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Iléṣà.