Ẹ má máa sáré gbọ́ fókàl àwọn ìyá yín

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Kútọnu, Àjàṣẹ́, Èkó, títí dé ilẹ̀ Faransé àti Amẹ́ríkà, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kétu wa ní orílẹ̀-èdè Benin wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí, ọjà ń ná, àwọn èèyàn yín ń béèrè yín. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń gbé mi nínú tipẹ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ọ̀rọ̀ fókàl ni, ohùn tí à ń ká ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí àwọn ará Èkó ń pè ní fọ́ìsì nóòtì.

Ọdún 2013 ni WhatsApp gbé e jáde, kò sì sí nǹkan kan nínú pọ́tábù, ìyẹn fóònù, yìí tó ṣe àwọn ìyá wa lóore tó o. Ṣebí ẹ mọ̀ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn níléèwé lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tí ò lọ iléèwé ò lè kọ nǹkan kan, ẹni tó lọ pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn ni ò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Láyé ìjọ́un tí ìyá bá fẹ́ bá ọmọ ẹ̀ tó wà l'Abidjan sọ̀rọ̀, á lọ bẹ ọmọ iléèwé kan kó bá òun kọ lẹ́tà, kí lẹ́tà yẹn tó kúrò ní Kétu àṣírí ilé ti dé etí ọmọ ọlọ́mọ. Lónìí màmá kàn máa tẹ máìkì ni, á fi ẹnu ara ẹ̀ sọ tinú ẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mo máa ń sọ ọ́ fẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́.

Àmọ́ ní 2021 wọ́n tún fi bọ́tìnnì kan sí i tó ń mú ohùn sáré, ìlọ́po kan àbọ̀, ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wá gbé e gẹ́gẹ́. Tó bá jẹ́ fókàl ọ̀gá ibiṣẹ́ tàbí ti grúpù tí èèyàn ẹgbẹ̀rún ti ń pariwo lẹ fi ń gbọ́, mi ò rí wí sí i, ẹ máa mú un sáré lọ. Ti ìyá yín ni mo bẹ̀ yín sí.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta gàrí lọ́jà. Etí aṣọ ló máa ń so pọ́tábù ẹ̀ mọ́, tó bá fẹ́ bá ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ékòó sọ̀rọ̀, á tú u, á fi aṣọ nu ojú ẹ̀, á gbé e súnmọ́ ẹnu, á wá fi àtàǹpàkò tẹ máìkì yẹn mọ́lẹ̀ pinpin, kò ní gbé e kúrò àfi tó bá sọ tán. Á kọ́kọ́ kí ọmọ: ṣé o jí ire, iṣẹ́ ńkọ́, ìyàwó ẹ ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ ń lọ síléèwé. Á sọ̀rọ̀ òjò tí ò tíì rọ̀, á sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó bímọ, á dárúkọ ẹni tó kú lágboolé. Ìgbà tó bá ku díẹ̀ kó parí ló máa wá sọ pé, "Orúnkún yìí ò jẹ́ kí n sùn lánàá o, àmọ́ má dààmú, Ọlọ́run ń bẹ." Ohun tó tìtorí ẹ̀ tú pọ́tábù láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ọmọ ti sáré gbọ́ ìdajì, ó fi àwòrán àtàǹpàkò kan dáhùn. Màmá na pọ́tábù sí mi, ó ní kí n bá òun wò ó, kí lọmọ òun wí?

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Àwọn ìyá wa ò ní sọ fún yín ní tààràtà pé ara àwọn ò yá tàbí pé owó oògùn ti tán, wọn ò fẹ́ da ọkàn yín láàmú nílẹ̀ òkèèrè. Bó ṣe ń mí sókè láàárín ọ̀rọ̀, bó ṣe dákẹ́ kó tó sọ pé àlàáfíà ni, ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ọ, ìsáré ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ.

Ìkíni gígùn tó ń sú yín yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Kétu, ẹ mọ alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, alẹ́ tí akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń jáde. Ẹ̀fẹ̀ kì í kàn jáde kó máa bá ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ nílùú wí, á kọ́kọ́ júbà, á júbà àwọn ìyá wa, á júbà àwọn tó ti lọ, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á tó bọ́ síta, àwọn èèyàn á sì dúró gbọ́ ọ wọ òru. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO, àjọ àṣà àgbáyé, kéde ní 2001 pé ogún iyebíye ni, tí wọ́n tún kọ sínú ìwé ogún àṣà gbogbo ayé ní 2008. Bí Ẹ̀fẹ̀ ṣe ń júbà kó tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá yín ń kí yín kó tó sọ̀rọ̀.

Ní 2024 WhatsApp tún mú òmíràn dé tó ń sọ fókàl di ìwé, kéèyàn kà á dípò kó gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, Yorùbá ò sí níbẹ̀. Inú mi ò bàjẹ́ sí i rárá.

Nǹkan kan tún wà tó ń dùn mí. Ọmọ á gba fókàl ìyá ẹ̀, ibi tí màmá ti ń bínú tàbí tí ẹnu ẹ̀ ti kọ́ níbi orúkọ òyìnbó kan, á gbé e sórí TikTok kí ayé lè rẹ́rìn-ín. Màmá ò mọ̀. Ìwọ nìkan ló bá sọ̀rọ̀, ó ṣe wá di ti gbogbo ayé? Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e síta, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn míì nínú wọn á gbà, inú wọn á tiẹ̀ dùn.

Ti àwọn gáímán, àwọn oníjìbìtì orí pọ́tábù, náà ńkọ́. Nọ́ńbà tuntun á wọlé: "Màmá, èmi ni, pọ́tábù mi ti bàjẹ́, ẹ tètè fi owó ránṣẹ́ sórí MoMo yìí." Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ní kí àwọn ìyá ní kí onítọ̀hún fi fókàl ránṣẹ́ káwọn gbọ́ ohùn ẹ̀. Ìyẹn nìkan ò tó mọ́, ẹ̀rọ ti ń sín ohùn èèyàn jẹ báyìí. Kí ìwọ àti màmá fi ìbéèrè kan sáàárín ara yín tí ará ìta ò lè dáhùn, bí orúkọ tí bàbá àgbà fi ń pè ọ́ ní kékeré. Ẹ má kọ ọ́ síbì kankan o, ẹnu lẹ fi máa sọ ọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó ti ara yín.

Ẹ má rò pé mo kàn ń bá yín wí. Nígbà tí ìjọba Benin gbé òfin jáde ní 2018 pé àwọn máa gba fráǹkì 5 lórí mẹ́gà dátà kọ̀ọ̀kan téèyàn bá lò lórí WhatsApp, Facebook àti irú wọn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ pariwo jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí oṣù kẹsàn-án tó parí wọ́n ti fagi lé e. Ẹ ṣeun. Ìyá tó ń ra mẹ́gà kékeré kó lè gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ ìyà ńlá.

Torí náà, tí iṣẹ́ bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́nu pé, "Màmá, mo ti rí i, mo máa gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́." Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni, ó sì sàn ju àwòrán àtàǹpàkò lọ. Èyí tí ìyá yín bá ti ki yín ní oríkì, ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tó lé ní ẹyọ kan, torí pọ́tábù ń sọnù, ó ń bọ́ sómi.

Ẹni tó bá sì ń bọ̀ nílé fún ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba pọ́tábù màmá kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀. Láti 30 oṣù kọkànlá 2024 tí nọ́ńbà pọ́tábù ní Benin ti di oní-10, àwọn kan ṣì wà tí nọ́ńbà oní-8 àtijọ́ ló kún inú tiwọn, wọ́n á pè, kò ní lọ, wọ́n á máa rò pé ọmọ ò fẹ́ gbé e ni. Ẹ bá wọn fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà Benin oní-8 yẹn, ti àbúrò, ti ẹ̀gbọ́n, ti ẹlẹ́ran, ti nọ́ọ̀sì.

Èmi bàbá yín ní Kétu.