Irin líle dára fún afárá, àmọ́ ẹ má fi iná kàn án

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní bí a bá ń fi irin tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kọ́ afárá, irin tí a máa rà á dín kù, owó náà á sì dín kù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi ṣe áyọ̀nbẹ́ńdà kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi tèmi kún un.

Lójú tèmi, orí òpó afárá ni irin líle ti wúlò jù. Níbi iṣẹ́ kan, a di irin orí òpó títí ìka mi ò fi lè wọ àárín ọ̀kan sí èkejì. Òkúta inú kọnkéré há sókè, ẹ̀rọ tí a fi ń mì í ò ráyè wọlé. Ọjọ́ tí a tú pákó, abẹ́ rẹ̀ rí ihò-ihò bí afárá oyin. Irin 460 ni wọ́n kọ sínú àwòrán. Ká ní 690 ni, méjì ì bá ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, kọnkéré ì bá sì rọ́nà gbà. (Nọ́ńbà yẹn ni iye Newton, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára, tí mílímítà kan níbùú-lóròó irin lè gbà kó tó nà tí kò ní padà sípò mọ́.) Ní Amẹ́ríkà, láti 2013 ni ìlànà AASHTO, ẹgbẹ́ àwọn àjọ ojú ọ̀nà ìpínlẹ̀ wọn, tí wọ́n fi ń ya àwòrán afárá ti fàyè gba 690, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ mì tìtì.

Síbẹ̀, kí ẹnjiníà má kàn yọ ẹyọ kan kúrò nínú mẹ́ta kó ní ó parí. Irin líle, irin rírọ̀, bákan náà ni wọ́n ṣe ń nà lábẹ́ ẹrù kan náà. Bí méjì bá ń gbé ẹrù mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi ìdajì nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kọnkéré tó bò ó á sì sán fẹ̀ sí i. Lórí ọ̀sà Èkó, ojú ibi tó sán yẹn ni omi iyọ̀ ń gbà wọlé tí irin fi ń dípẹtà. Níbi tí àyè bá wà, bíi pẹpẹ afárá, kí wọ́n lo irin tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n tò ó súnmọ́ra.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti iná. Ọ̀pọ̀ irin líle tí à ń rà lóde òní, bó ṣe ń pọ́n bọ̀ nílé iṣẹ́ ni wọ́n ń da omi lé e lójijì, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń ti àdá bọ omi. Awọ rẹ̀ ló le, inú rẹ̀ rọ̀. Bí iná bá tún kàn án, líle yẹn á lọ. Mo rí wẹ́dà kan tó ń fi gáàsì yọ́ rọ́ọ̀dù 25 mm tó ti wọ́, ó pọ́n bí ẹyin iná, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lè fà á tọ́. Mo pariwo. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ní kí n má dá àwọn dúró. Inú kọnkéré ni irin náà wà títí dòní, ojú lásán ò sì lè dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù.

Mo bẹ àwọn tó ń gbéṣẹ́ afárá síta: kí wọ́n kọ ọ́ sórí àwòrán pé iná ò gbọdọ̀ kàn án, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti jẹ́ Yorùbá. Èyí tí iná bá kàn, kí wọ́n gé e sọnù. Kí wọ́n sì gé díẹ̀ nínú ẹrù irin kọ̀ọ̀kan lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fa irin já, kí a tó di ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Áyọ̀nbẹ́ńdà tó ti fẹ̀yìn tì,
Mushin, Èkó.