Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí ìfigagbága ẹlẹ́ni méjì

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n jẹ́ kí o sinmi ná, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní nínú ìdíje disc golf yín, eré jíjù àwo sínú agbọ̀n, bí wọ́n bá ka iye ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì ju àwo, tìrẹ ló kéré jù, síbẹ̀ ọmọbìnrin yẹn ló borí. O ní wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ ọ jẹ. Match play ni ẹ ṣe: ẹni tí jíjù rẹ̀ bá kéré ló jẹ agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì jẹ agbọ̀n jù ló borí. Ní agbọ̀n kẹrin, ìwọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta, òun ju ẹ̀ẹ̀meje nítorí pé àwo rẹ̀ kó sómi. Agbọ̀n kan péré lo jẹ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi jíjù ẹyọ kọ̀ọ̀kan gba agbọ̀n mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ. Òfin tó dùn ọ́ yìí kan náà ló ń ṣàánú rẹ: bó o tilẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lórí agbọ̀n kan, agbọ̀n kan náà lo pàdánù.

Ibi tí o ti kù díẹ̀ káàtó ni pé o gbé ìbínú agbọ̀n kẹjọ dání lọ sí ìkẹsàn-án. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń díje pọ̀, o lè má mọ ẹni tó ń lé ọ. Níbi tí ẹ bá ti jẹ́ ẹ̀yin méjì, etí rẹ ló máa gbọ́ ìró ṣéènì nígbà tí àwo ẹnìkejì bá wọlé. Ó dá mi lójú pé Ed Headrick tó ṣe agbọ̀n oníṣéènì yẹn kò rò ó pé ìró rẹ̀ lè já èèyàn láyà tó báyìí. O mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nídìí ọpọ́n ayò: bí ẹnì kan bá kí ọ̀ta, tó kí ọ̀pẹ, ọ̀ta ló ń dáhùn, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ìwọ ti sọ ara rẹ di ọ̀pẹ nígbà tí agbọ̀n mẹ́wàá ṣì wà nílẹ̀.

Òfin PDGA, àjọ tó ń ṣòfin disc golf, fún ọ ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 láti ju àwo rẹ, bí iwájú bá ti mọ́. Inú tó ń bí ọ kì í jẹ́ kí o lo ìdajì rẹ̀. Dúró. Wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, mí kanlẹ̀, kí o tó gbápá.

Àwọn kan á ní kí o má wo ẹnìkejì rẹ rárá. Èmi kò gbà. Bí àwo tirẹ̀ bá ti há sáàárín igi, kí ni o ń wá lọ sínú ewu? Ju tìrẹ síbi tó tẹ́jú. Bí tirẹ̀ bá sì ti wà lẹ́bàá agbọ̀n, ìgbà yẹn ni kí o dán ohun líle wò. Ibi tí àwo rẹ̀ wà ni kí o wò, má wo ojú rẹ̀.

Ní 1996, nínú àṣekágbá U.S. Amateur ti gọ́ọ̀fù ní Oregon, tí òun náà jẹ́ match play, Steve Scott fi ihò márùn-ún ṣíwájú Tiger Woods lẹ́yìn ihò 18 àkọ́kọ́. Ihò 36 ni wọ́n fẹ́ gbá. Tiger kò gbìyànjú láti gba márààrún padà lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gbà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku ihò mẹ́ta, Scott ṣì fi méjì ṣíwájú. Tiger ti sún àmì tó fi sí ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà kúrò lójú ọ̀nà Scott, ó sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà láìdá àmì yẹn padà sáyè rẹ̀. Scott ló rán an létí. Ká ní ó dákẹ́ ni, Tiger ì bá pàdánù ihò yẹn, ìdíje ì bá sì parí síbẹ̀. Wọ́n dọ́gba lẹ́yìn ihò 36, wọ́n wá ń gbá a lọ, Tiger ló sì borí ní ihò 38.

Èmi fẹ́ kí o sọ̀rọ̀ bíi Scott bí irú rẹ̀ bá kàn ọ́. Bàbá rẹ ní òun ì bá wo òkè bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Bí o bá wálé, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó yanjú ìyẹn. Èmi á wà ní ilé ìdáná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ