Gíríìnì kì í ṣe ẹgbẹ́ búlúù

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń fa wáyà fáíbà, ìyẹn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, káàkiri Tánkẹ̀ níbí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Orí wáyà yìí, ike SC tí wọ́n fi ń kì í bọ ihò, ní oríṣi méjì: èyí tó jẹ́ gíríìnì, tí wọ́n ń pè ní APC, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó jẹ́ búlúù, UPC. Òótọ́ ni pé ó máa wọ ihò búlúù, á tiẹ̀ dún "kó" bí ẹni pé ó ti jókòó dáadáa, àmọ́ wọ́n gé ẹnu gíríìnì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní díígíríì 8 kí ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà má baà gba ọ̀nà tó gbà wá, ti búlúù kò fì ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá kì wọ́n pọ̀, ẹnu wọn ò ní kanra, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa fà tàbí kí iná pupa LOS lára ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ò wọlé, máa ṣẹ́jú, oníbàárà á sì máa bú kọ́ńpìnnì.

Ẹ tún wo ti eruku ọyẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú wáyà fáíbà oríṣi single-mode kò ju bíi máíkírọ́ọ̀nù 9 lọ (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), mo wá rí ọmọ iṣẹ́ kan tó ń fi etí bùbá nu ẹnu ẹ̀! Aṣọ tí kì í yọ òwú àti ọtí isopropyl ni wọ́n fi ń nù ún jàre. Ẹ má sì yọjú wo inú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lésà tó ń gba inú wáyà yẹn ò ṣeé fojú rí, ó sì lè ba ojú jẹ́.

Èmi òǹkàwé yín,
Tánkẹ̀, Ìlọrin