Àbẹ̀kẹ́, má tún pè é ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Alẹ́ ọjọ́ Ajé.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa náà wà ńlé, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Akẹ̀sán lánàá.

Láti alẹ́ Sátidé tí o ti pè mí ni ọ̀rọ̀ yẹn ò ti kúrò lọ́kàn mi. O ní wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yín, ó ń hàn gbangba nínú ìwé owó oṣù wọn, ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí owó náà ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. O ní níbi ìpàdé àwọn ọ̀gá lọ́jọ́bọ̀, o ti lanu tán láti sọ ọ́, o tún pa ẹnu dé. O wá ní, "Màámi, mi ò láyà ni." Mo gbọ́ ẹkún nínú ohùn rẹ. Mi ò fẹ́ fèsì lórí fóònù, torí owó ìpè máa ń tán láàárín ọ̀rọ̀, èyí ò sì ṣeé gé sí méjì.

Ti ìpàdé yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ti awakọ̀ yín ló dùn mí jù. Bàbá tí o ní ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, tó wá bá ọ ní ọ́fíìsì pé òun ò rí owó òun mọ́ lórí fóònù, tí o sì dá a lóhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àbẹ̀kẹ́, o mọ̀ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ ni o ṣe sọ ọ́. Mo mọ bó ṣe ń rí lára, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí dòní, bàbá rẹ pàápàá ò gbọ́.

O ò tíì dáyé nígbà náà. Tápísì ni mí ní ọ́fíìsì kan nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá kan ń ṣọ́ géètì fún wọn, ó ti lò ju ọdún mẹ́fà lọ níbẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ọ̀gá kan fẹ́ gbé ọkọ̀ ilé iṣẹ́ jáde láìní ìwé àṣẹ, bàbá náà ò ṣí géètì fún un. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pè mí wọlé pé kí n tẹ kúérì mẹ́ta fún un, ìwé tí wọ́n fi ń bi òṣìṣẹ́ léèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n déètì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní kí n fi sí wọn, déètì tó ti kọjá lọ, kí fáìlì rẹ̀ lè dà bíi ti ẹni tó ti ń ṣẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ki ìwé àti kábọ́ọ̀nù bọ taipúráítà. Ibi tí mo ti ń tẹ èkejì ni mo gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ọjọ́ Àìkú ni déètì tí wọ́n fún mi bọ́ sí. Ọ́fíìsì wa kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Mo rí i, ó yé mi, ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Mo wá ní lọ́kàn ara mi pé, "Ta ni mo jẹ́ níbí?" Mo tẹ̀ ẹ́ parí.

Wọ́n lé bàbá náà láìfún un ní oṣù kan tí òfin ní kí wọ́n fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fún ẹni tó bá ti lò tó ọdún márùn-ún. Lẹ́tà ìléniṣẹ́ náà, èmi náà ni mo tẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀wé kà, èmi ló sì gbé e wá bá pé kí n bá òun kà á. Mo kà á fún un, ìka mi ṣì dúdú fún kábọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo kà á tán, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ká a, ó tì í bàpò, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ọ ṣe tìrẹ." Ó rò pé oore ni mo ṣe é.

Ọpẹ́ yẹn ṣì wà létí mi. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ wà létí tìrẹ.

Ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìwé ń gbà kọjá: ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, kúérì, ìsinmi, ìgbéga, ìfẹ̀yìntì. Kí ìyà tó jẹ ẹnikẹ́ni nílé iṣẹ́ yẹn, ìwé ìyà náà á ti dórí tábìlì rẹ. Ìdí nìyẹn tí ìdákẹ́ tìrẹ fi yàtọ̀ sí ìdákẹ́ ẹlòmíì. Ẹlòmíì dákẹ́ nítorí pé kò rí i. Ìwọ rí i.

Ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni ọ́. Láti kékeré ni bàbá àgbà rẹ ti ń ka Ọ̀yọ́ Mèsì fún ọ: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmù, Alápìínni, Lágùnà, Akínìkú, Aṣípa. Aláàfin ni ikú bàbá yèyé, ṣùgbọ́n àwọn méje yìí ló lè jókòó tì í kí wọ́n sọ pé, "Kábíyèsí, èyí ò dáa." Bọ́rọ̀ bá sì kọjá àtúnṣe, ẹyin odídẹrẹ́ tàbí igbá òfìfo ni wọ́n ń gbé fún un, àmì pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ kú. Àwọn tó ṣètò ìlú yìí mọ̀ pé ọba tí ẹnikẹ́ni ò lè dá lẹ́kun, ìlú ló máa tú mọ́ ọn lórí. Ọ̀gá àgbà yín kì í ṣe Aláàfin, ìwọ náà ò jẹ Baṣọ̀run, àmọ́ àga tí wọ́n gbé fún ọ níbi ìpàdé yẹn, kí ẹnì kan lè máa sọ ti òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Kí o sì rántí pé àárín àwọn méje yẹn kan náà ni Gáà ti jáde. Ó lo agbára Baṣọ̀run débi tó fi ń rán ọba sọ́run, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Bí o láyà kí o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Mo mọ̀ pé àkántá yín ti fojú ọ gbolẹ̀ rí. Má fi ọ̀rọ̀ yìí san án fún un. Bí ẹ̀san bá wọ inú rẹ̀, òun ni gbogbo wọn máa rí, wọn ò ní rí awakọ̀ yẹn mọ́.

Ọkùnrin tó ń fín igbá lẹ́yìnkùlé wa, o mọ̀ ọ́n. Kó tó ki ọ̀bẹ bọ igbá, á kọ́kọ́ fi ṣóńṣó rẹ̀ fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, ìlà tí ojú mi ò tiẹ̀ fẹ́ rí mọ́ báyìí. Èyí tó bá ti fín wọlé, kò ṣeé dí. Ìwọ náà, fa ìlà tìrẹ kọ́kọ́. Bẹ̀rẹ̀ lórí ara rẹ, ṣebí wọ́n ń yọ tìrẹ náà. Béèrè àkọsílẹ̀ owó rẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá ọ tọ́jú rẹ̀, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó oṣù rẹ, kí o fi ìka tọ oṣù kọ̀ọ̀kan. Èyí ò gba àṣẹ ọ̀gá kankan. Nígbà mìíràn, owó á ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ni ín ò bá a lọ, kò sì ní wọ àkáǹtì wọn. Ìyẹn yàtọ̀ sí owó tí wọn ò fi ránṣẹ́ rárá. Mọ èyí tó jẹ́ kí o tó yanu.

Lẹ́yìn náà, kọ òfin rẹ̀ síwájú ara rẹ. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 dé ilé iṣẹ́ àdáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá 8 nínú 100 ni ti òṣìṣẹ́, ti agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 10, wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ju ọjọ́ iṣẹ́ 7 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó oṣù kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá dá a dúró, owó ìtanràn tó máa san ò ní dín ní ìdá 2 nínú 100 gbèsè náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi falẹ̀. Bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní owó oṣù ẹnì kan, pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀, jẹ́ 150,000 náírà. Wọ́n yọ 12,000 lára tirẹ̀, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ fi 15,000 tì í. Ó di 27,000 lóṣù, ó di 216,000 ní oṣù mẹ́jọ. O ní ẹ tó 40 níbẹ̀. Bí gbogbo yín bá ń gba iye yẹn, gbèsè náà ti di 8,640,000 náírà, ìdá 2 rẹ̀ sì jẹ́ 172,800 fún oṣù kan péré. Bí o bá sọ pé "ó burú", ọ̀gá lè bínú. Bí o bá kọ 172,800 síwájú rẹ̀, á fa ìwé náà mọ́ra.

Àmọ́ má jẹ́ kí ìṣirò mú ọ gbàgbé pé 12,000 yẹn kì í ṣe owó ilé iṣẹ́. Owó awakọ̀ ni. Ó ti ṣiṣẹ́ fún un. Wọ́n kàn bá a mú un dání lọ́nà ni.

Má jẹ́ kó jẹ́ ojú gbogbo èèyàn ni ọ̀gá àgbà ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Sọ ọ́ fún ọ̀gá tìrẹ, kí ẹ̀yin méjèèjì tọrọ àyè lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ìpàdé. Bí ọ̀gá tìrẹ bá kọ̀, dá lọ. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó. O lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ níta. A ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì fún oṣù mẹ́jọ, a ò fi ránṣẹ́. Iye tó jẹ́ nìyí. Ìtanràn rẹ̀ nìyí. Mo fẹ́ ká dá ọjọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án."

Nígbà tí o bá sọ ọ́ tán, dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́, o máa fẹ́ fi "ẹ má bínú sà, bóyá èmi ni ò mọ̀ ọ́n" tì í lẹ́yìn, títí ọ̀rọ̀ náà á fi pòórá. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ibẹ̀ pa rọ́rọ́, kí òun ló kọ́kọ́ fọhùn. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o máa kúnlẹ̀ kí àgbà, kí o má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ọ pé kí o máa wòye nígbà tí àgbà bá ń rìn lọ sí ẹnu kànga.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, fi ìmeèlì kúkúrú ránṣẹ́ sí i: ohun tí o sọ, èsì tó fọ̀, ọjọ́ tó dá. Tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Má kó ìwé owó oṣù àwọn ẹlòmíì jáde nílé iṣẹ́, má sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, títí kan èmi gan-an. Bí wọ́n bá ta kété sí gbogbo èyí, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un lọ síbẹ̀.

Mi ò lè búra fún ọ pé kò ní sí nǹkan kan. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ, wọ́n sì lè máa fojú burúkú wò ọ́ lójoojúmọ́, ìyẹn tiẹ̀ le ju ìléniṣẹ́ lọ. Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó díẹ̀ pamọ́ láti oṣù yìí, kí owó ilé má lọ di ohun tó ń pa ẹnu rẹ dé. Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Kó sọ ọ́. Bó bá di dandan, kó máa bọ̀ nílé." Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Ti bàbá géètì ni mi ò tíì sọ fún un. Màá ka lẹ́tà yìí sí i létí lálẹ́ òní kí n tó tì í sínú àpò ẹ̀lùbọ́ tí awakọ̀ èrò máa gbé wá fún ọ.

Lọ́jọ́ tí o bá bá ọ̀gá àgbà sọ ọ́, má tíì pè mí bí o bá ṣe jáde. Lọ bá bàbá awakọ̀ yẹn níbi tó bá wà nínú ọgbà. Sọ fún un pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé o ti béèrè owó rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, pè mí.

Èmi ìyá rẹ.